Létà Kan Tí Mi Ò Kà Tán fún Àlájà

Ọmọ àbúrò mi wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ̀ Ìkòròdú ti ń yà wọ Ṣàgámù. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi tọ́ àwọn ọmọ yín náà ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi." Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún mi ò ká mọ́, ojú òsì mi sì ń rí gbogbo nǹkan bí ẹni tó ń wòran láàárín èéfín. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un. Èyí tí mo sọ fún un náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń wá iṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wọ odò, ó yẹ kó bi ẹni tó ti tutù.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé létà ní Ṣàgámù. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe parí ìwé mẹ́wàá ni bàbá mi mú mi lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ti owó tí mo rí nídìí rẹ̀, kò tó ohun à ń ròyìn. Mo jẹun, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàwé, ó tán.

Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ ni ọ̀gá mi ń jẹ́. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, kì í rẹ́rìn-ín, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń funfun láràárọ̀ bíi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò jókòó rí. Táípúráítà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fi bébà kankan sínú ẹ̀rọ. Yóò da aṣọ ìnura bo ọwọ́ mi àti bọ́tìnnì gbogbo, yóò ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn. Bí mo bá yọjú wo abẹ́ aṣọ náà, rúlà á dún lórí ìka mi. Ó ní, "Bí ojú bá ń bá ìka ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì ló máa sọnù." Bí mo bá dé sílé lálẹ́, orí tábìlì oúnjẹ ni mo tún máa ń tẹ̀, ìyá mi á máa wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Nígbà tó gbà kí n fi bébà sí i, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀, gbogbo ojú ewé ni màá tún tẹ̀. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ wà lọ́jà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá mú u wọ ṣọ́ọ̀bù òun, kó bá a jáde. Mo tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ olùkọ́ kan nígbà mọ́kànlá. Ìgbà kejìlá ni Ọ̀gá tó gbà á, kò sì sọ pé ó dára. Ó kàn fi sínú àpò ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ mi tó le jù, kì í ṣe ti ìka. Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Likosi, kò mọ̀wé. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Èkó ti ta ilẹ̀ bàbá wọn láìsọ fún un. Bàbá náà jókòó sórí àpótí níwájú mi. Ó ní, "Kọ ọ́ fún un pé olè ni. Kọ ọ́ pé ọmọ àlè ni. Kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, kó má dé ibi òkú mi." Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé ìdílé yìí máa fọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí pé, "Inú mi kò dùn sí ohun tí o ṣe, mo sì fẹ́ kí o wá kí a jọ sọ ọ́."

Ọ̀gá gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè sí bàbá náà létí. Bàbá wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ta ló sọ ìyẹn? Èmi kọ́."

Ọ̀gá ya ìwé náà sí méjì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn àgbà ló ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ó ní, "Ìránṣẹ́ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Ìránṣẹ́ máa dúró síwájú ẹni tí wọ́n rán an sí, wọ́n á rí ojú rẹ̀, wọ́n á bi í léèrè. Ìwọ, ọwọ́ àti ojú ni ẹni yìí wá yá lọ́dọ̀ rẹ, kò wá yá ọgbọ́n rẹ. Bí o bá tàn án, ọ̀nà wo ni yóò fi mọ̀? Torí pé kò lè mọ̀ ni o kò fi gbọ́dọ̀ tàn án."

Mo tún un tẹ̀, olè àti ọmọ àlè àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá kà á tán, bàbá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹn. Èmi nìyẹn." Kò pé oṣù kan, àbúrò náà wá láti Èkó wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Bóyá ìbínú yẹn gan-an ló ní láti gbọ́. Mi ò mọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sábó, mo gbé táípúráítà kan kalẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè mí ní Àǹtí Táípù. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù, àwọn oníṣòwò obì, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn lọ sí òkè Ọya tí kò padà, gbogbo wọn ló jókòó sórí àpótí mi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lè tú ìlú. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ níta.

Nígbà tó yá, táípúráítà oníná dé. Kí n tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, kọ̀ǹpútà ti dé. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà tí mo lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí láti kọ́ ọ. Olùkọ́ ní, "Mọ̀mí, ẹ gbé máòsì yín lọ sókè," mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo gbé e sókè lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sunkún nígbà tí mo délé. Ohun tí mo fi ìka mẹ́wàá kọ́ nínú òkùnkùn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ń fi ìka méjì ṣe é, kò sì sí ẹni tó ń ya ìwé mọ́ ọn lójú tó bá ṣì í.

Iṣẹ́ náà yí padà. Létà ìjà àti létà ìfẹ́ dín kù, fọ́ọ̀mù ló gba gbogbo ilẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà, fọ́ọ̀mù ìlú òyìnbó. Gbogbo Rẹ́mọ ló fẹ́ lọ. Wọ́n ti yí orúkọ mi padà sí Mọ̀mí Táípù nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táípúráítà ti ń bẹ lábẹ́ tábìlì.

Àwọn tó ṣì ń wá fún létà gidi ò ju márùn-ún lọ. Àlájà Múìbátù ni àkọ́kọ́ wọn.

Oníṣòwò obì ni Àlájà. Ó ń ra obì ní Òde Rẹ́mọ àti káàkiri, ó ń dì í nínú ewé, ó ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Kánò. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ọ̀kan ló kù fún un. Ràsákì lorúkọ ọmọ náà, ó sì ti lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ó parí ìwé, ó dúró síbẹ̀, ó fẹ́ obìnrin kan tí wọ́n bí síbẹ̀, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Àlájà fúnra rẹ̀ ló sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ náà ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, dókítà sì ti sọ fún wọn pé kò gbọ́dọ̀ rin ìrìn jíjìn.

Ẹ máa bi mí pé ta ló tún ń kọ létà nígbà tí fóònù wà. Etí Àlájà ló wúwo. Bí Ràsákì bá pè é, "Ẹ̀n? Ẹ̀n?" ló máa sọ títí tí ìpè á fi já. Ìdí nìyẹn tí Ràsákì fi ń kọ létà ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà mi, tí màá tẹ̀ ẹ́ jáde sí bébà. Ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, màá lọ sílé Àlájà, màá fi ẹnu sí etí òsì rẹ̀, màá pariwo rẹ̀ sí i. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Àlájà á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọmọ mi ò ṣe ohun ìtìjú." Èdè Òyìnbó ni Ràsákì fi ń kọ ọ́, èmi ni mo ń túmọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Àlájà ṣubú sáàárín ọjà. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n kọ ọ́ pé, "Ràsákì, ara mi ò yá. Wá." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé, ojú ewé méjì. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó gbéra. Ràsákì ṣàlàyé pé òun ti kó ìwé wọlé láti gba káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní gíríìn-kádì, ìwé náà sì ṣì wà lórí tábìlì ìjọba. Òfin wọn ni pé ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wà lórí tábìlì kò gbọ́dọ̀ jáde nílùú láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò. Bó bá jáde, wọ́n á kà á sí pé ó ti pa ohun tó tọrọ tì. Èyí tó tún burú ni pé ó ti dúró kọjá ọjọ́ tí físà ilé-ìwé rẹ̀ fún un kó tó gbéyàwó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáde, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá. Ó ní òun ti tọrọ ìwé àṣẹ náà, òun sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yára, ṣùgbọ́n kò tíì jáde.

Ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí: "Mọ̀mí Táípù, ẹ bá mi bẹ Mọ̀mí mi kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kó yé wọn pé bí mo bá jáde báyìí, mo lè má rí Àbẹ̀kẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá gbọ́ gbogbo rẹ̀, tí wọ́n sì ní àwọn ò lè dúró, màá wá. Mi ò ní jẹ́ kí Mọ̀mí mi kú bí ẹni tí kò bímọ."

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tó máa dà wọ́n láàmú. Ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń lọ sókè." Wọ́n ti fi rọ́bà sí Àlájà nímú. Ó ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì, bíi pé wọ́n ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Mo fẹnu sí etí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka ìkíni. Mo ka ti Àbẹ̀kẹ́, pé ó ti ń ka ení, èjì. Mo ka àdúrà. Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ káàdì ti bẹ̀rẹ̀.

Àlájà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ó ń bọ̀, àbí kò bọ̀?"

Mo wo bébà náà. Mo wo nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ó ní òun ń bọ̀, Àlájà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ fún un pé mo ti gbọ́. Kọ ọ́ pé ojú mi ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kó má pẹ́."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́: "Mo ti gbọ́. Ojú mi ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Má pẹ́." Mo fi ránṣẹ́. Kò sí irọ́ kankan nínú létà yẹn, ohun tó sì ń ba mí lẹ́rù nípa rẹ̀ títí dòní nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi sí ìsàlẹ̀, pé, "Ràsákì, mi ò tíì ka apá ti káàdì fún wọn o." Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́fà wà lórí ìlà tí wọ́n fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní màá kọ ọ́ lọ́la.

Nígbà tí ọ̀la dé, iná lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá mi sì ti bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni iná ò fi dé. Mo lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Mi ò lọ. Nígbà tí iná dé tí mo ṣí kọ̀ǹpútà, èsì rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti àná: "Mo gbọ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó ka èyí, màá ti wà lójú ọ̀run."

Ọjọ́ tí Ràsákì wọlé, Àlájà ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dá a padà sílé. Gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́. Wọ́n ní rírí ọmọ rẹ̀ ló jí i. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ràsákì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kejì tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì. Ó ní, "Mọ̀mí Táípù, ẹ ṣé. Ìyàwó mi ní kí n má wá o. Ó sunkún. Mo ní Mọ̀mí mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé mo lè má rí ọmọ mi mọ́, wọ́n sì tún ní kí n wá. Ẹni tó gbọ́ irú ìyẹn tó tún pe èèyàn, ó ní láti jẹ́ pé ó ti ń rí ikú."

Mo ní, "Káàbọ̀, Ràsákì." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Bí èèyàn bá pẹ́ kó tó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, ẹran ara á bò ó mọ́lẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìrìnàjò náà dé sílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò wúlò mọ́, torí ó ti jáde kó tó dé. Lọ́yà wọn sọ fún wọn pé ohun tó tọrọ ti bàjẹ́, àfi kí ìyàwó rẹ̀ tún bá a tọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà nílé níbí, kí wọ́n sì máa bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba mójú kúrò nínú ọdún mẹ́wàá náà nítorí àìsàn ọmọ. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó, wọ́n dá a padà. Ó tún lọ, wọ́n tún dá a padà. Èmi ni mo ń tẹ gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mi ò tẹ̀wé dáadáa bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa tún lọ sókè. Ó ní òun gba ìsinmi gígùn. Nígbà tí ìsinmi náà gùn jù, ó ní òun fẹ́ mójú tó òwò obì. Inú Àlájà dùn kọjá sísọ. Bí àlejò bá ti wọlé, á ní, "Ẹ wo ọmọ mi. Ó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ nítorí mi." Ràsákì á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á dìde, á jáde.

Ó tọ́jú ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò tọ́jú rẹ̀. Òògùn ò wọ́n, oúnjẹ ò wọ́n. Ṣùgbọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á kúrò níbẹ̀. Kì í jókòó tì í. Mo rò pé àárò ìyàwó àti ọmọ ni. Lọ́jọ́ kan, àìsàn gbé Àbẹ̀kẹ́ wọ ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ sì pè é lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù mi kó lè rí ọmọ náà. Ọmọ ń ké pé egungun ń dun òun. Bàbá rẹ̀ ń sọ níwájú àwọn oníbàárà mi pé, "Dádì wà níbí. Dádì wà níbí." Mo dojú kọ ògiri.

Àlájà bi mí léèkan, ní ọjọ́ Ẹtì kan tí mo lọ kí i. Ó ní, "Mọ̀mí Táípù, kí ló dé tí Ràsákì kì í wojú mi?"

Mo pariwo sí i létí pé, "Àárò ìyàwó ni, Àlájà."

Ó mi orí. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́.

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé, ó sì kú nínú oorun. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ràsákì dúró gbagidi, kò sunkún. Àwọn èèyàn ní ọkùnrin ni.

Ọdún mẹ́ta ló tún lò kí Amẹ́ríkà tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Ìgbà náà ni èmi ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ojú mi ò gbé e mọ́, ìka mi ò gbé e mọ́, àwọn èèyàn sì ti ń fi fóònù wọn ṣe ohun tí wọ́n ń bá wá sọ́dọ̀ mi. Ó wọlé tòun ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́wọ́, físà wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀tunla ni mò ń lọ, Mọ̀mí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ wá fi hàn."

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ràsákì, létà yẹn, mi ò kà á tán fún ìyá rẹ."

"Létà wo?"

"Èyí tí o fi sọ ọ̀rọ̀ káàdì. Mo ka ìkíni, mo ka ti Àbẹ̀kẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, mi ò kà á. Ó bi mí bóyá ò ń bọ̀, mo ní ò ń bọ̀. Ìyẹn ló gbọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa káàdì títí ó fi kú."

Mo rò pé yóò pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé mo ní láti sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rin, Mọ̀mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún un tí inú ń bí mi sí i. Mo rò pé ó mọ̀. Mo rò pé ẹ ti sọ fún un pé màá pàdánù ọmọ mi, tó sì ní kí n wá síbẹ̀. Ọmọ mi á ké lórí fóònù, màá délé wo ìyá mi, màá sọ ọ́ nínú mi pé, 'Ìwọ lo fà á.' Ó kú, mi ò tíì dárí jì í." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó fura?"

Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́. Mo ní, "Ó bi mí léèkan pé kí ló dé tí o kì í wojú òun."

Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo bí ọmọ tó jù ú lọ. Ó yára dìde, ó fà mí lọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dìde, Mọ̀mí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Mi ò sì bi í. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ fún mi pé ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ríbù, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ọ̀tunla pé, ó lọ.

Ọmọ àbúrò mi bi mí pé, "Ṣé kí n má ṣe iṣẹ́ náà mọ́ ni?" Mo ní kó ṣe é. Àwọn tí kò lè ka ohun tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lù kò ní tán láyé, bí ẹ̀rọ ìbáà ti wù kó gbọ́n tó. Mo ní kó kọ́ ẹ̀rọ náà dáadáa, kò sì ní pẹ́ kó mọ̀ ọ́n, torí èyí tó ṣòro kò sí nínú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan máa jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó korò, àánú rẹ̀ á sì ṣe é. Kó kà á tán. Bó bá kà á tán, kó wá jókòó tì í. Èmi ìbá jókòó ti Àlájà títí ilẹ̀ fi ṣú, bí mo bá mọ̀. Ó lè jẹ́ pé yóò ní kí ọmọ rẹ̀ dúró. Ó lè jẹ́ pé yóò ní kó wá. Èyí tó wù kó sọ, òun ni yóò sọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, àwòrán kan wọlé sórí fóònù mi. Ọmọ mi ló bá mi sọ ọ́ di ńlá kí n lè rí i. Ràsákì ni, ó dúró síwájú ilé kan, yìnyín wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin kan dúró tì í, ó ti ga dé àyà rẹ̀, ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bí èèyàn ṣe ń wo àlejò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ó kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ fún mi, Yorùbá ló fi kọ ọ́: "Àbẹ̀kẹ́ nìyí, Mọ̀mí. Ó ní òun rò pé mo ga jù báyìí lọ."